Jamie Vardy: báwo ló ṣe ti ìpele kẹjọ dé Premier League, kí ló sì wà nínú ìsáré rẹ̀ gan-an?

Adéwálé_Bọ́ọ̀lù béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ Jamie Vardy, atamátàsé tó lókìkí ní Leicester City nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo fẹ́ kí á tú palẹ̀ lónìí. Bí àlọ́ ni wọ́n máa ń sọ ọ́: lánàá ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́, lónìí ó gba ife Premier League. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni wọn kì í sọ.

Àkọ́kọ́, àwọn ẹgbẹ́ wo ló gbà kọjá, ní ọdún wo, èló ni wọ́n sì ń rà á? Èkejì, gbogbo ayé ló mọ̀ pé ẹ̀yìn àwọn díféńdà ló máa ń sá gbà. Bí gbogbo ayé bá mọ̀ ọ́n, kí ló dé tí wọn ò rí i dá dúró? Ẹ̀kẹta, góòlù 24 ló gbá wọlé nínú líìgì ní sáà 2015–16, ó wálẹ̀ sí 13 ní sáà tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ló tún wá gba Bàtà Wúrà, ẹ̀bùn ẹni tí góòlù rẹ̀ pọ̀ jù nínú líìgì, nígbà tó ti pé ẹni ọdún 33. Kí ló yí padà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé ó yára. Àwọn tó yára jù ú lọ pọ̀ nínú líìgì yẹn.

Ìpele_Kẹjọ dáhùn:

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ẹgbẹ́ àti ọdún, nítorí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ sódì jù.

Sheffield ni wọ́n bí i sí, ní oṣù kìíní ọdún 1987. Sheffield Wednesday ló wà láti kékeré títí ó fi di ẹni ọdún 16, kí wọ́n tó ní kó máa lọ, pé ara rẹ̀ kéré jù. Ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì wá bọ́ sí Stocksbridge Park Steels, ẹgbẹ́ ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Sheffield. Nígbà tó dé ẹgbẹ́ àgbà wọn, £30 ni wọ́n ń san fún un lọ́sẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ohun tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ àti apá aláìsàn mú kó lè nàró ló ń bá ṣiṣẹ́ lójúmọmọ. Ní 2007, ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi lórí ìjà kan, wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, wọ́n sì ní kò gbọ́dọ̀ wà níta lálẹ́. Bí ìdíje bá wà lọ́nà jíjìn, ṣe ni wọ́n máa ń yọ ọ́ kí eré tó parí kó lè bá àkókò délé. Ẹni tó bá ń ka góòlù rẹ̀ ìgbà yẹn, kó fi èyí sọ́kàn.

Kí ẹ lè mọ bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Premier League ni ipele kìíní, Championship ni ìkejì, League One ni ìkẹta, League Two ni ìkẹrin. Ẹgbẹ́ 92 ló wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láti ipele karùn-ún lọ sísàlẹ̀ ni wọ́n ń pè ní non-league, ibẹ̀ ni ẹ ti ń rí agbábọ́ọ̀lù tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ wá sí pápá. Ipele kẹjọ ni Stocksbridge wà nígbà tí Vardy bẹ̀rẹ̀ sí í gbá fún wọn. Wọ́n gòkè sí ìkeje ní 2009.

Ní oṣù kẹfà 2010, FC Halifax Town rà á ní nǹkan bí £15,000. Ipele keje náà ni wọ́n wà. Òun ni góòlù rẹ̀ pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ ní sáà yẹn, wọ́n sì gba líìgì. Ní oṣù kẹjọ 2011, Fleetwood Town san £150,000 láti gbé e lọ sí ipele karùn-ún. Ìdíje líìgì 36 ló gbá níbẹ̀, góòlù 31. Fleetwood gba líìgì, wọ́n wọ League Two fún ìgbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n Vardy ò bá wọn dé ibẹ̀. Oṣù karùn-ún 2012, Leicester City ti san £1 mílíọ̀nù lórí rẹ̀, láìka àfikún tó sinmi lórí bó bá ṣe ṣe dáadáa sí. Ẹgbẹ́ kankan ò tíì san tó bẹ́ẹ̀ rí lórí agbábọ́ọ̀lù non-league.

Ẹ wò ó dáadáa: láàárín ọdún méjì ó ti fi ìlọ́po mẹ́wàá wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìlọ́po méje wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Kì í ṣe orí rere nìkan. Láti Halifax lọ, ibikíbi tó bá dé, sáà kan péré ló máa ń lò kó tó fi hàn pé ibẹ̀ ti kéré jù fún òun.

Àfi Leicester. Góòlù líìgì mẹ́rin péré ló ní ní sáà àkọ́kọ́ nínú Championship, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ń bú u, òun náà sì ń rò ó pé bóyá kí òun padà síbi tí òun ti wá. Nigel Pearson, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà yẹn, àti igbákejì rẹ̀, Craig Shakespeare, ló rọ̀ ọ́ kó dúró. Ní tèmi, fífò láti ipele karùn-ún sí ìkejì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló fà á. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, bí o bá ti sá kọjá díféńdà lẹ́ẹ̀kan, ó parí, kò lè bá ọ mọ́. Nínú Championship, díféńdà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju bọ́ọ̀lù lọ, tó ń ṣe ìdárayá lójoojúmọ́, á tún bá ọ kó o tó dé inú àpótí. Vardy ní láti kọ́ bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù kíákíá ju bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Sáà tó tẹ̀ lé e, góòlù líìgì 16, Leicester gba Championship pẹ̀lú àmì 102.

Èjìká_Òsì dáhùn:

Ọ̀gá Ìpele_Kẹjọ ti ṣe tiwọn. Èmi á mú ìbéèrè kejì, ti ìsáré, torí pé òun ló dùn mọ́ mi jù.

Òfin ọfusáìdì ni kí ẹ kọ́kọ́ mú lọ́wọ́, èyí tó ní kí atamátàsé má ti kọjá sẹ́yìn àwọn díféńdà kí wọ́n tó fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí i. Ìṣẹ́jú àáyá tí bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tó fẹ́ fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Orí, ara àti ẹsẹ̀ ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka apá. Bí o bá sì wà ní ìdajì pápá tìrẹ, kò sí ọfusáìdì rárá. Nítorí náà, ẹni tó bá ti ń sáré kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lẹ́sẹ̀, ó ti fi ìṣísẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ju díféńdà tó dúró lójú kan lọ, kódà bí wọ́n bá yára bákan náà. Ibẹ̀ ni góòlù Vardy ti ń wá. Eré ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn ń mú kí ààyè yẹn fẹ̀ sí i ni.

Ẹ wo ibi tó máa ń dúró sí. Kì í dúró níwájú díféńdà. Ẹ̀yìn èjìká rẹ̀ ló máa ń wà, ní ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà sí bọ́ọ̀lù. Bí bọ́ọ̀lù bá wà lápá ọ̀tún díféńdà, èjìká òsì rẹ̀ ni Vardy á lẹ̀ mọ́. Díféńdà ò lè fi ojú kan náà wo bọ́ọ̀lù àti Vardy. Bó bá wo bọ́ọ̀lù, Vardy ti lọ. Bó bá yíjú wo Vardy, kò rí ìgbà tí páàsì kúrò. Á máa yí ọrùn síwá sẹ́yìn fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀kan tó bá pẹ́ jù báyìí, ó tán.

Lẹ́yìn náà ni bó ṣe ń gbéra. Kì í sá tààrà lọ síbi òpó. Á kọ́kọ́ sá gba ẹ̀gbẹ́ ìlà àwọn díféńdà, bí ẹni pé ó ń lọ sí ọwọ́ kejì pápá, kó tó tẹ̀ wọ ẹ̀yìn wọn. Èyí ń ṣe iṣẹ́ méjì: eré rẹ̀ ti kún kó tó kọjá ìlà, kò sì ní bọ́ sínú ọfusáìdì bí ẹni tó ní bọ́ọ̀lù bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ́. Àwọn tó ń sá tààrà, bí páàsì bá pẹ́ díẹ̀ báyìí, wọ́n á dúró, eré á sì kú.

Ìgbà wo ló ń gbéra? Ẹ wo sáà 2015–16. N'Golo Kanté gba bọ́ọ̀lù, ó fún Danny Drinkwater; àwọn méjèèjì ló ń gbá àárín pápá fún Leicester. Bí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ Drinkwater bá ti ṣí bọ́ọ̀lù síwájú, Vardy ti lọ. Kò dúró kí Drinkwater gbójú sókè. Drinkwater náà kì í wá a kiri, ó mọ̀ pé ààyè tó wà láàárín díféńdà àárín àti díféńdà ẹ̀gbẹ́ ni kí òun ju bọ́ọ̀lù sí, Vardy á pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ fara wé e kì í rí ìdajì yìí: ìsáré yẹn kò wúlò láìsí ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kó sáré mẹ́wàá kí bọ́ọ̀lù má wá nínú mẹ́jọ, ó ní láti tún sá ìkọkànlá pẹ̀lú agbára kan náà. Ọ̀pọ̀ atamátàsé ló máa ń sú lẹ́yìn ìkẹrin, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá tọrọ bọ́ọ̀lù sẹ́sẹ̀.

Ìfọwọ́kàn àkọ́kọ́ náà ṣe pàtàkì. Kì í ti bọ́ọ̀lù tààrà síwájú ara rẹ̀. Ó máa ń tì í sọ́nà tí díféńdà ń gbà bọ̀, kí ara òun lè wà láàárín bọ́ọ̀lù àti ẹni tó ń lé e. Láti ìgbà yẹn, bí díféńdà bá fọwọ́ kàn án, pẹ́nárítì ni, tàbí káàdì pupa.

Nígbà míì kì í tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ lọ wo góòlù rẹ̀ sí Liverpool, ọjọ́ kejì oṣù kejì 2016. Láti ìdajì tiwọn ni Riyad Mahrez ti ju bọ́ọ̀lù gígùn kan. Bọ́ọ̀lù ta lẹ́ẹ̀kan, Vardy wo Simon Mignolet, gólì Liverpool, pé ó ti kúrò lẹ́nu òpó díẹ̀, ó sì gbá a bó ti wà lókè láti ọ̀nà jíjìn. Bó bá dúró mú bọ́ọ̀lù yẹn mọ́lẹ̀, díféńdà á ti bá a. Òun náà ló gbá ìkejì, 2–0.

Adéwálé_Bọ́ọ̀lù:

Ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ kejì bá kàn fà sẹ́yìn, tí kò fi ààyè kankan sílẹ̀ ńkọ́?

Ẹ̀gbẹ́_Pápá dáhùn:

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2016–17 nìyẹn gẹ́lẹ́, ìdáhùn ìbéèrè kẹta yín sì wà níbẹ̀.

Ní sáà tí Leicester gba ife, bọ́ọ̀lù kì í pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹgbẹ́ kejì ló máa ń gbé e kiri, tí wọ́n á máa sún mọ́ iwájú, tí ẹ̀yìn wọn á ṣí. Sáà tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tó tún fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n fà sẹ́yìn, wọ́n sọ fún Leicester pé kí wọ́n máa gbé bọ́ọ̀lù kiri fúnra wọn. Kanté ti lọ sí Chelsea, nítorí náà àwọn bọ́ọ̀lù tí wọ́n máa ń já gbà láàárín pápá dín kù. Vardy lọ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láìgbá góòlù líìgì kan. Ẹ wá wo ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá 2016: Manchester City wá, wọ́n gbé ìlà ẹ̀yìn wọn sókè bí wọ́n ti máa ń ṣe, Vardy gbá mẹ́ta wọlé, 4–2. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì kú. Ààyè ni kò sí.

Ohun tó yí i padà pátápátá ni dídé Brendan Rodgers gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní oṣù kejì 2019. Tẹ́lẹ̀, Vardy máa ń sá lọ sí igun méjèèjì lépa gbogbo bọ́ọ̀lù gígùn. Rodgers ní kó dín in kù, kó dúró sí ibi tí kò fẹ̀ ju àpótí lọ, kí àwọn mìíràn gbé bọ́ọ̀lù wá bá a. James Maddison àti Youri Tielemans ti wà láàárín, wọ́n lè fi bọ́ọ̀lù ilẹ̀ gba àárín èèyàn méjì. Ìsáré rẹ̀ wá kúrú: mítà márùn-ún sí òpó tó sún mọ́ bọ́ọ̀lù, tàbí kó fà sẹ́yìn díẹ̀ nígbà tí díféńdà ń já wọlé, kí bọ́ọ̀lù tí wọ́n fà padà láti ìlà lè bá a. Èjìká díféńdà kan náà ni, ọgbọ́n kan náà, inú ilé kékeré ló kàn ti ń lò ó báyìí. Fún ẹni tó ti lé ní ọdún 30, èyí tún fi ẹsẹ̀ rẹ̀ pamọ́ fún ọdún tó ń bọ̀.

Góòlù rẹ̀ nínú Premier League láti 2017–18 lọ: 20, 18, 23, 15, 15. Mẹ́tàlélógún yẹn ló fi gba Bàtà Wúrà 2019–20. Kò sí ẹni tó dàgbà tó o tó gbà á rí kó tó gbà á. Mẹ́ta nínú rẹ̀ wá láti inú 9–0 tí wọ́n fi na Southampton nílé wọn ní oṣù kẹwàá 2019.

Ìlà_Funfun dáhùn:

Gbogbo ohun tí wọ́n sọ dára, àmọ́ mo fẹ́ fi mélòó kan kún un, kí n sì ta ko Èjìká_Òsì níbì kan.

Ẹ ò tíì dárúkọ àkọsílẹ̀ ìdíje 11. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 2015, nígbà tó gbá pẹ́nárítì sílé Bournemouth, títí di ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá, kò sí ìdíje líìgì kan tí kò ti gbá góòlù. Manchester United ló fi ṣe ìkọkànlá: Christian Fuchs fi bọ́ọ̀lù gba ẹ̀yìn, Vardy gbá a kọjá De Gea, ó sì borí mẹ́wàá ti Ruud van Nistelrooy. Apá kan nínú àwọn ìdíje yẹn, eegun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti sán, ó ń fi báńdéèjì líle gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn kan máa ń sọ pé kò sí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú Premier League ni kò sí. Jimmy Dunne ti Sheffield United ti ṣe 12 nínú ipele kìíní ní sáà 1931–32.

Ibi tí mo ti ta ko ọ̀rẹ́ wa ni pé ó jẹ́ kó dà bí ẹni pé Kanté àti Drinkwater nìkan ni. Shinji Okazaki ńkọ́? Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń gbá iwájú nínú 4-4-2. Okazaki ló máa ń padà lọ lẹ̀ mọ́ agbábọ́ọ̀lù àárín tí ẹgbẹ́ kejì fi ń bẹ̀rẹ̀ eré. Bí ọ̀nà àárín bá ti dí, bọ́ọ̀lù á padà sọ́dọ̀ díféńdà àárín, Vardy á sì sá tẹ̀ wá bá a láti ẹ̀gbẹ́ kan kó má lè fún ẹnìkejì rẹ̀. Ó ku ọ̀nà méjì: kó gbá a gba ẹ̀gbẹ́ pápá níbi tí wọ́n ti ń dúró dè é, tàbí kó ju gígùn sórí Wes Morgan àti Robert Huth, díféńdà àárín Leicester, tí bọ́ọ̀lù òkè kì í bà lẹ́rù. Wọ́n á kàn án jáde, Kanté á gbé e, ó di ohun tí Èjìká_Òsì ti ṣàlàyé. Ọ̀dọ̀ àwọn méjì iwájú ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ti pẹ́nárítì náà, ẹ jẹ́ ká sọ ibi tó kù sí. Fífi ara sáàárín yẹn máa ń mú kí díféńdà gbá a lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n bí rẹfirí bá rò pé ìwọ lo wá ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn, káàdì tìrẹ ni. Ọjọ́ 17 oṣù kẹrin 2016, West Ham: wọ́n fún un ní káàdì yẹ́lò kejì pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú, ó jáde, wọ́n sì tún fi ìdíje kan kún ìjìyà rẹ̀ nítorí bó ṣe bá rẹfirí sọ̀rọ̀. Ìdí tó fi jẹ́ 36 ló gbá nínú 38 nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló kù kí wọ́n gba ife. Ewu ńlá ni.

Adéwálé_Bọ́ọ̀lù:

Okazaki! Òótọ́ ni. Arsenal ńkọ́? Kí ló dé tí kò lọ? Bí mo bá sì fẹ́ jókòó wo ìdíje bíi mẹ́ta láti rí ohun tí ẹ sọ, èwo ni kí n wò?

Ìpele_Kẹjọ dáhùn:

Ní oṣù kẹfà 2016, Arsenal ṣe tán láti san iye tó wà nínú àdéhùn rẹ̀ pé bí ẹgbẹ́ kankan bá san án, Leicester ò lè dá a dúró. Vardy kọ̀, ó tún ọwọ́ ìwé bọ̀ ní Leicester. Lójú tèmi, ó mọ ara rẹ̀ dáadáa. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń bá Arsenal gbá máa ń kó mẹ́wàá sẹ́yìn, ẹ sì ti rí ohun tí ìyẹn ṣe sí i ní 2016–17.

Fún England, ẹni ọdún 28 ni nígbà tó kọ́kọ́ gbá fún wọn, ní oṣù kẹfà 2015. Ìdíje 26, góòlù 7. Èyí tó dùn jù ni ti Berlin ní oṣù kẹta 2016, tó fi gìgísẹ̀ yí bọ́ọ̀lù wọlé Jámánì, 3–2. Ní 2021, ó gba FA Cup pẹ̀lú Leicester, ó sì di ẹni àkọ́kọ́ tó kópa nínú ìdíje ní gbogbo ipele ife yẹn, láti àwọn ìpele ìbẹ̀rẹ̀ tí Stocksbridge ti máa ń wọlé títí dé àṣekágbá. Kelechi Iheanacho ló gbá góòlù tó gbé wọn dé àṣekágbá náà.

Wọ́n já sí Championship ní 2023, ó dúró, ó gbá 18 nínú líìgì, wọ́n padà gòkè. Ìdíje tó fi dágbére, ní oṣù karùn-ún 2025 sí Ipswich, ni ìkẹẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta rẹ̀ fún Leicester, góòlù tó gbá lọ́jọ́ náà sì pé 200. Van Nistelrooy gan-an ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ní sáà yẹn. Góòlù 145 ló ní nínú Premier League. Cremonese ní Ítálì ló lọ lẹ́yìn náà, ní ẹni ọdún 38.

Èjìká_Òsì dáhùn:

Ti ìdíje láti wò: Leicester àti Manchester United, 5–3, oṣù kẹsàn-án 2014, kí ẹ rí i kó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ìkejì ni Liverpool 2016 tí mo ti sọ. Ìkẹta ni Manchester City, oṣù kejìlá 2016.

Bí ẹ bá ń wò ó, ẹ má tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù. Ẹ fi ojú mọ́ Vardy ní gbogbo ìgbà tí Leicester ò bá ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, kí ẹ sì máa wo ẹ̀gbẹ́ èjìká díféńdà tó dúró sí. Níbi tí kámẹ́rà bá ti sún mọ́ bọ́ọ̀lù jù, ẹ ò ní rí i, torí náà ìdíje odindi ni kí ẹ wá, kì í ṣe àkójọ góòlù. Àkójọ góòlù kì í fi ìsáré mẹ́jọ tí bọ́ọ̀lù ò bá wá hàn yín.